Físà Amẹ́ríkà ọlọ́dún márùn-ún ti di oṣù mẹ́ta: ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ tí ẹ máa ń bọ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é?

Ìyá Ìbejì Bódìjà (10 oṣù Keje 2025)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti ọdún 2016 ni mo ti ń lọ Amẹ́ríkà tí mo sì ń padà wálé. Táyé wà ní Texas, Kẹ́hìndé wà ní Maryland. Ọdún kì í yípo kí n má dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Mi ò lò ju oṣù mẹ́rin lọ níbẹ̀ rí, torí bàbá wọn kì í wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, èmi ni mo sì ń rí sí oògùn wọn.

Físà tí mo gbà gbẹ̀yìn, oṣù Kìn-ín-ní 2023 ni, ọdún méjì ni wọ́n fún mi. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sọ ọ́ di ọdún márùn-ún fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Mo ní kò burú, tí mo bá tún lọ, èmi náà á gba ọlọ́dún márùn-ún. Ó parí ní oṣù Kìn-ín-ní tó kọjá yìí. Iṣẹ́ abẹ bàbá ló dá mi dúró. Nígbà tí mo máa sanwó, 24 oṣù yìí ni wọ́n fún mi fún íntáfíù. Àfi bí Kẹ́hìndé ṣe pè lánàá pé láti ọjọ́ 8 oṣù Keje, físà tí wọ́n bá fún ọmọ Nàìjíríà kò ní kọjá oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn sì lè fi wọlé.

Àárín oṣù Kẹwàá ni Kẹ́hìndé máa bímọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wojú Ọlọ́run fún oyún yìí. Èmi ni màá wẹ ọmọ yẹn. Tí wọ́n bá fún mi ní físà ní ìparí oṣù Keje, tí oṣù mẹ́ta bá pé ní ìparí oṣù Kẹwàá, ṣé ọmọ ò ní tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n á fi ní kí n máa lọ?

Ẹ̀gbọ́n Houston (10 oṣù Keje)

Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun méjì ni gbogbo èèyàn ń pa pọ̀ mọ́ra wọn láti àárọ̀ àná.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára físà, ọjọ́ tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ni. Ẹ gbọ́dọ̀ ti dé ẹnu ibodè kí ọjọ́ yẹn tó kọjá. Kò sọ iye ọjọ́ tí ẹ máa lò nínú ilé. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tí ẹ bá bá ní pápákọ̀ òfurufú ló ń sọ ìyẹn, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní I-94. Ẹni tó wá kí ọmọ, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un. Tí físà yín bá máa parí ní 28 oṣù Kẹwàá, tí ẹ dé ní ọjọ́ 6, tí wọ́n kọ oṣù mẹ́fà, ẹ lè wẹ ọmọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Físà á ti kú nínú pásípọ́ọ̀tù, ẹ ò sì rú òfin kankan.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó sùn, kí Kẹ́hìndé wo I-94 yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ni òfin. Ẹni tó bá fi ohun tó ju 180 ọjọ́ lọ kọjá rẹ̀, ọdún mẹ́ta ni kò fi ní lè wọ Amẹ́ríkà mọ́ tó bá jáde. Tó bá tó ọdún kan, ó di ọdún mẹ́wàá.

Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ni àlọ-àbọ̀. Ẹ ò lè sáré wálé wo bàbá ní oṣù Kejìlá kí ẹ tún padà. Tí ẹ bá jáde, íntáfíù tuntun, owó tuntun.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀ (10 oṣù Keje)

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ta ló bà á jẹ́? Àwa náà ni. Wọ́n á fún èèyàn ní físà pé kó lọ kí ọmọ, ó dé ọ̀hún, ó gba iṣẹ́ alẹ́, ọdún méjì, kò padà. Àwọn bí Ìyá Ìbejì ló ń san gbèsè tí wọn kò jẹ. Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n ń wò: kí ìwé ìrìnnà wa má ṣeé yí, kí àwọn tó ń jókòó kọjá ọjọ́ dín kù, kí ìjọba wa sì máa jẹ́ kí wọ́n mọ àwọn tó ti dáràn. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lè sọ pé a ti ṣe yanjú?

Aláṣọ Balógun (11 oṣù Keje)

Olóòótọ́, mi ò ní bá yín jà lórí pé àwọn kan ń jókòó kọjá ọjọ́. Mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Ẹni tó fẹ́ sá, ẹ̀ẹ̀mélòó ló fẹ́ wọlé? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni. Ohun tí físà tuntun yìí fún un gan-an nìyẹn! Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, tí mo gbọ́dọ̀ padà wálé kí ọjà tó tutù, èmi ni wọ́n dí lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè padà wá kì í bẹ̀rù àtilọ sílé. Ẹ sọ fún èèyàn pé tó bá jáde, bóyá ni yóò tún wọlé mọ́, ẹ ti kọ́ ọ pé kó jókòó.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ta léèsì. Àwọn ìyá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ti ń bá Lustenau ní Ọ́síríà ra ọjà láti àwọn ọdún 1960 síwájú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe léèsì tí ẹ ń pè ní ojúlówó. Èèyàn ò lè fi fóònù ra léèsì. O gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, o gbọ́dọ̀ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, o gbọ́dọ̀ jókòó ti oníṣẹ́ kó yí òdòdó ibí yìí sọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ni mò ń lọ.

Mo wá ń sọ èyí torí pé àwọn ará Yúróòpù ní àkàsọ̀ kan tí wọ́n fi òfin tẹ̀ sílẹ̀ láti 2020. Tí o bá ti gba físà Schengen mẹ́ta láàárín ọdún méjì, tí o sì lò wọ́n láìrú òfin, ọlọ́dún kan ló kàn, èyí tí wàá máa fi lọ tí wàá máa fi bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ọlọ́dún méjì, lẹ́yìn ìyẹn ọlọ́dún márùn-ún. Wọ́n lè fún ọ ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ń fura, ṣùgbọ́n o mọ ibi tí o ti ń gùn. Ìwà rẹ ni wọ́n ń kà. Ọlọ́dún méjì ni mo wà báyìí. Èyí tí Amẹ́ríkà ṣe yìí, kò ka ìwà ẹnì kankan. Ẹni tó ti lọ tó ti bọ̀ ní ìgbà ogún àti ẹni tí kò kúrò ní Ṣàgámù rí, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ tún wo owó. $185 ni owó físà Amẹ́ríkà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan ló máa san án láàárín ọdún márùn-ún. Nísinsìnyí, ìgbà mẹ́wàá, $1,850, ìgbà mẹ́wàá ni yóò sì dúró síwájú ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè. Òfin tí Trump fọwọ́ sí ní 4 oṣù Keje tún ti kọ $250 mìíràn lé e lórí, bí wọn ò tilẹ̀ tíì máa gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Houston (12 oṣù Keje)

Aláṣọ, ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa. Ẹ tún gbọ́ ohun tí mínísítà wa fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Yusuf Tuggar, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n Channels pé Amẹ́ríkà ń fúngun mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kí wọ́n gba àwọn ará Venezuela tí wọ́n fẹ́ lé, pé Nàìjíríà ò sì ní gbà. Ilé iṣẹ́ aṣojú wọn ní ọ̀rọ̀ físà ò kan ìyẹn. Èyí ó wù kó jẹ́, ìyá tó fẹ́ wẹ ọmọ ò sí nínú ìjà náà.

Ará Peckham (12 oṣù Keje)

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rò pé ẹ máa yà sí London dípò Amẹ́ríkà, ẹ fara balẹ̀. Físà àbẹ̀wò ibí ṣì ní ọlọ́dún méjì, ọlọ́dún márùn-ún àti ọlọ́dún mẹ́wàá. Láti oṣù Kẹrin 2025 yìí, oṣù mẹ́fà jẹ́ £127, ọdún méjì £475, ọdún márùn-ún £848, ọdún mẹ́wàá £1,059. Tí ẹ bá sanwó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fún yín ní oṣù mẹ́fà, owó ti lọ nìyẹn, wọn kì í dá a padà.

Èyí tó sì ń ko èèyàn sí wàhálà ni pé wọ́n rò pé ọlọ́dún mẹ́wàá túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa gbé ibí. Oṣù mẹ́fà ni fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Màmá ọ̀rẹ́ mi kan lo oṣù márùn-ún àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n lọ sílé, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní Òṣogbo, wọ́n tún dé. Aṣọ́bodè ní, “Mama, níbo gan-an nilé yín?” Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó lórí àga kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Òfin sọ ọ́ kedere pé èèyàn ò gbọdọ̀ fi àbẹ̀wò léraléra sọ ibí di ilé. Ẹ lo ilé ju ibi tí ẹ ti ṣe àlejò lọ, kó sì hàn nínú pásípọ́ọ̀tù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ohio (15 oṣù Keje)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo gba físà akẹ́kọ̀ọ́ mi láàárọ̀ yìí. Ó yẹ kí n máa jó. Oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ mi. Ṣé ọdún márùn-ún ni mi ò ní rí ilé?

Ẹ̀gbọ́n Houston (15 oṣù Keje)

Àbúrò, mo bá ọ yọ̀. Ní ti ẹ̀kọ́, kò séwu. Níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe yẹ, tí iléèwé sì ń tún I-20 rẹ ṣe, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀kọ́ rẹ, o lè wà níbẹ̀ bí físà bá tilẹ̀ ti parí. Jíjáde ló nira. Tí o bá wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì, o gbọ́dọ̀ gba físà mìíràn kí o tó padà, ọjọ́ íntáfíù ò sì sí lọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà, kí o tó lọ ní oṣù tó ń bọ̀, jókòó ti àwọn òbí rẹ dáadáa. Má fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún “tí mo bá dé lọ́dún tó ń bọ̀”.

Alábòójútó (16 oṣù Keje)

Mo ti yọ ìfiránṣẹ́ mẹ́ta tí àwọn ajẹ́ntì fi síbí kúrò. Ajẹ́ntì kankan ò lè gba físà ọlọ́dún márùn-ún fún yín nísinsìnyí. Ẹnì kan nínú wa ti fi ₦900,000 ṣòfò lọ́sẹ̀ yìí. Bí àkókò ṣe gùn tó, ìjọba wọn ló ń pinnu rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè lódindi. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn gíláàsì pàápàá ò lè fi ọjọ́ kan kún un.

Ìyá Ìbejì Bódìjà (31 oṣù Keje)

Wọ́n fún mi! Ó máa parí ní ìparí oṣù Kẹwàá bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá. Orí yín á máa bá yín ṣe é.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀ (28 oṣù Kẹsàn-án)

Ẹ ti gbọ́ ti Gánà? Wọ́n ti dá ọlọ́dún márùn-ún padà fún wọn, mínísítà wọn, Ablakwa, ló kéde rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gé tiwa àti tiwọn kúrú. Nínú oṣù yìí kan náà ni Gánà gbà kí Amẹ́ríkà máa kó àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n lé wá sí Accra, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ẹ̀yin ẹ so ó pọ̀ bó ṣe wù yín. Èmi tí mo ní ìwà wa ló fà á nìkan, mo ti ń tún inú rò.

Ará Àjàṣẹ́ (29 oṣù Kẹsàn-án)

Ẹ kú o, láti Porto-Novo. Àwa ní Bẹ̀nẹ̀ ṣì wà níta ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn ará Tógò tí a jọ ń ṣòwò ò lè gba físà àbẹ̀wò Amẹ́ríkà rárá láti oṣù Kẹfà. Ọkàn wa ò balẹ̀.

Ìyá Ìbejì Bódìjà (7 oṣù Kẹwàá)

Mo ti gúnlẹ̀ sí Maryland. Òṣìṣẹ́ náà bi mí pé kí ni mo wá ṣe, mo ní ọmọ mi fẹ́ bímọ. Ó ní, “Ẹ kú oríire.” 5 oṣù Kẹrin 2026 ló wà lórí I-94 mi, ó ti wà lára fíríìjì.

Aláṣọ Balógun (30 oṣù Kẹwàá)

Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Ìbejì! A gbọ́ pé obìnrin ni.

Mo ti Yúróòpù dé lánàá. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 12 oṣù yìí ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí mo gbà wọlé. Wọ́n ya ojú mi, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo wọlé, wọ́n tún kọ ọ́ pé mo jáde. Tó bá fi máa di oṣù Kẹrin ọdún tó ń bọ̀, á ti rọ́pò òǹtẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fojú bu ọjọ́, ẹ jáwọ́. 90 ọjọ́ péré lẹ lè lò níbẹ̀ nínú 180, ọjọ́ tí ẹ wọlé wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ jáde náà wà nínú rẹ̀. Ìwé kékeré kan ni mo fi ń ka tèmi láti 2020, ẹ̀rọ ló wá ń bá mi kà á nísinsìnyí. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé mo jókòó kọjá ọjọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ohio (16 oṣù Kọkànlá)

Bàbá mi jáde láyé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá la sin wọ́n ní Ìkirè.

Mi ò lọ. Mo ti gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà sójú kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀kọ́ mi dúró lórí ìdánwò oṣù Kejìlá. Láti 2 oṣù Kẹsàn-án, kò tún sí pé kí èèyàn kàn fi pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́ láìṣe íntáfíù, láti ọjọ́ 6 sì rèé, ilé ni wọ́n ní kí kálukú ti gbà á. Tí n kò bá rí ọjọ́, ẹ̀kọ́ ti lọ. Ìyá mi ló sọ pé kí n má wá. Wọ́n ní bàbá ta ilẹ̀ kí n tó lè débẹ̀, pé mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ náà lọ lásán.

Èmi ni àkọ́bí. Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí wọn. Àbúrò mi gbé fóònù sí etí kòtò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀, mo ti bu ún dání fún yín.” Aago márùn-ún ìdájí ni níbí. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ń sùn, mi ò lè gbé ohùn sókè.

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ ṣé. Mo jókòó ti bàbá mi ní oṣù Kẹjọ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Alẹ́ mẹ́ta ni a fi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Houston (16 oṣù Kọkànlá)

Àbúrò mi, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀. Pè mí lálẹ́ òní, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ẹ̀gbọ́n Houston (17 oṣù Kejìlá)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dáadáa. Àná, 16 oṣù Kejìlá, Trump fọwọ́ sí ìkéde tuntun. Láti 1 oṣù Kìn-ín-ní 2026, wọ́n dá físà àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọmọ Nàìjíríà, àti físà àwọn tó fẹ́ wá gbé ibí. Bẹ̀nẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní nítorí ààbò ni, àti pé ìdá 5.56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó fi físà àbẹ̀wò wá láti Nàìjíríà ló jókòó kọjá ọjọ́, ìdá 11.90 nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Físà tí wọ́n ti fún yín kí ọjọ́ yẹn tó dé, wọn ò ní gbà á padà. Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ní ìlú méjì, tó sì ń fi ìwé ìlú tí kò sí nínú ìkéde rìn, kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gba ọlọ́dún márùn-ún ní 2023 àti 2024, ẹ ṣọ́ pásípọ́ọ̀tù yẹn bí ojú. Tí pásípọ́ọ̀tù bá parí tí físà inú rẹ̀ kò parí, ẹ máa mú ti àtijọ́ àti tuntun dání pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ohio, ìyá rẹ ríran. Ká ní o lọ sílé ni, o lè má tíì padà kí ilẹ̀kùn tó tì.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀ (18 oṣù Kejìlá)

5.56. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 94 tó padà sílé lásìkò. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn èèyàn wa wí nípa èyí, mo sì lérò pé wọ́n tó ìdajì. Ìyá Ìbejì, ẹ dárí jì mí, mo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin ni ẹ kéré.

Ìyá Ìbejì Bódìjà (18 oṣù Kìn-ín-ní 2026)

Olóòótọ́, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ọmọ yìí, Àjọkẹ́, ti pé oṣù mẹ́ta. Ó ti mọ ohùn mi. Bàbá máa ń kì í lórí fóònù láràárọ̀, ó sì máa ń yí orí wá ibi tí ohùn náà ti ń bọ̀.

Kẹ́hìndé ní kí n lo ọjọ́ mi pé, kí n dúró di 5 oṣù Kẹrin. Mo ní rárá. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Oògùn bàbá ti dàrú, mo sì fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé mo lọ kí wọ́n tó ní kí n lọ. Ẹkún ni mo fi ń di ẹrù, mi ò purọ́. Èmi tí mo ti ń dágbére fún wọn pé “ó dìgbà” láti ọdún 2016, mi ò mọ ohun tí màá sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí.

Àwọn ni wọ́n máa wá. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Kẹ́hìndé láti 2021, ó lè lọ kó sì padà. Lẹ́yìn Àjíǹde ló fẹ́ gbé ọmọ wá. Ìbéèrè mi rèé: pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà nìkan ni Àjọkẹ́ ní. Ṣé físà Nàìjíríà la máa gbà fún un?

Ẹ̀gbọ́n Houston (18 oṣù Kìn-ín-ní)

Ẹ lè gba físà orí íntánẹ́ẹ̀tì fún un, Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 1 oṣù Karùn-ún 2025. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 1999, abala 25, sọ pé ẹni tí wọ́n bí sókè òkun tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Kí Kẹ́hìndé kọ́kọ́ gba NIN fún un, lẹ́yìn náà kó gba pásípọ́ọ̀tù ewéko. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, nítorí náà kó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kó má wọ ilé bàbá àgbà rẹ̀ bí àlejò.

Ìyá Ìbejì Bódìjà (19 oṣù Kìn-ín-ní)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ó gbé e lọ fún NIN. Mo ti sọ fún bàbá. Wọ́n ti pe ọ̀dà, wọ́n ní kí wọ́n wá kun yàrá ẹ̀yìn.